Ìrọ̀lẹ́ Tí Màmá Yí Àga Wọn Padà

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màmá, Lẹ́mọ́mù wa dìde, wọ́n ní ìyá àgbà tí à ń ṣàdúrà fún yìí fọkàn tán gbogbo ènìyàn nígbà ayé wọn. Mo yára wolẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kúdí, àbíkẹ́yìn Màmá, tí wọ́n jókòó tì mí, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nínú ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ara tiwọn náà ń gbọ̀n. Bí Màmá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí wọn ìbá béèrè ni pé kí ni Lẹ́mọ́mù ń wá. Mo wá rí i pé bí n kò bá tètè kọ nǹkan kan sílẹ̀, Màmá mìíràn tí a kò mọ̀ rí ni wọn yóò fi pààrọ̀ tiwa.

Màmá tèmi a máa fura sí ohun tó ń mí, wọn a sì máa fura sí èyí tí kò mí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti dé Warri kí wọ́n tó bí bàbá mi, abọ́ tánńganran ni wọ́n sì ń tà lọ́jà Ìgbudu títí ẹsẹ̀ wọn kò fi gbé wọn mọ́. Bí oníṣòwò bá kó abọ́ wá, Màmá yóò fi èékánná kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò tẹ́tí sí i, wọn yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọn yóò tún fi èékánná kàn án. Wọn kì í ra ẹja tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Nígbà kan tí wọ́n mú mi lọ sọ́jà, mo béèrè ohun tó fà á. Màmá wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe.

"Ẹja tí kò lójú," wọ́n ní, "kí lo fẹ́ fi mọ ìgbà tó kú?"

Mama Efe, ìyá Urhobo tí yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ọgbà, ni ọ̀rẹ́ Màmá, àwọn náà sì ni ọ̀tá wọn. Bí Mama Efe bá ro stáàṣì, òkèlè àwọn Urhobo, tí wọ́n se ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní bángà, wọn yóò bu ti Màmá wá. Màmá yóò dúpẹ́, wọn yóò sì fi ìka kan ti abọ́ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá.

"Mama Ijebu! You think say I wan poison you?"

"I no talk so," Màmá yóò ní, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú tó wà nínú gbogbo èdè tí wọ́n bá sọ. "You chop first."

Mama Efe yóò pòṣé, wọn yóò sì jẹ òkèlè kan tàbí méjì lójú wa. Ìgbà yẹn ni Màmá yóò tó fa abọ́ mọ́ra, wọn kò sì ní fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni àwọn méjèèjì fi bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí Mama Efe torí rẹ̀ dẹ́kun láti máa gbé abọ́ wá. Nígbà tí mo dàgbà tí mo sọ fún Màmá pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé kò wù ú láti bá mi jẹun?"

Ìgbà tí owó epo gba ìlú kan ni tẹlifíṣàn wọ ilé wa. Warri ń hó nígbà yẹn. Mọ́tò tuntun kò jẹ́ kí a rí ọ̀nà gbà ní Enerhen, ẹni tí kò ní àga tó ń jókòó lé lánàá ti ń ra ẹ̀rọ amúlétutù lónìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Èkó sì ń wọlé wìtìwìtì bí ẹni pé iṣẹ́ ń ṣàn nílẹ̀. Bàbá mi náà ń ṣiṣẹ́ epo, wọ́n sì gbé tẹlifíṣàn wá sí pálọ̀ Màmá. Màmá yí i po, wọ́n fi èékánná kàn án, wọ́n tẹ́tí. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ pa á láìfi aṣọ bò ó. Màmá ní kò sí ẹni tó tíì jẹ́rìí fún àwọn pé ẹni tí à ń wò kò lè máa wo àwa náà.

Gbogbo ohun tó ń jáde nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni Màmá fẹ́ràn: ìdíje ìbéèrè tí wọ́n máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn olùdíje méjì yóò jókòó, ọkùnrin onímúsítáàṣì kan tí a ń pè ní Oníbéèrè yóò máa bi wọ́n léèrè oríṣiríṣi nǹkan, ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò relé, ẹni tó bá borí yóò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe é, Màmá kò sì gbọ́ ọ. Àwa ọmọ ilé là ń túmọ̀, àwa náà rèé, Yorùbá tí à ń gbọ́ nílé, Pidgin la fi ń dá a lóhùn. Ìbéèrè kan yóò gba ẹnu ọmọ mẹ́ta kó tó dé etí Màmá, wọn yóò sì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ti jẹ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀nà," wọ́n máa ń ní.

Omi ni Màmá kọ́kọ́ fura sí. Ife omi kan wà níwájú olùdíje kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn kan máa ń mu nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní omi yẹn kì í ṣe omi lásán, ìsọ̀yè ni wọ́n pò mọ́ ọn, pé ẹni tí Oníbéèrè bá fẹ́ràn ló ń bu tirẹ̀ fún. Bí ẹni tó mumi bá borí, Màmá yóò pàtẹ́wọ́: ẹ̀yin ẹ rí i. Bí ẹni tó mumi bá fìdí rẹmi, wọn yóò ní wọ́n ti pààrọ̀ ife mọ́ ọn lọ́wọ́. Olùkọ́ kan wà tó máa ń nu iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, Màmá búra pé inú áńkáṣíìfù yẹn ló kọ ìdáhùn sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé olùkọ́ yìí, àwa ọmọ fò sókè, a ní Màmá ti purọ́ mọ́ ọn. Màmá kò yí ojú padà. Wọ́n ní áńkáṣíìfù àná ló mú wá.

Ẹ má ṣe rò pé Màmá jẹ́ awòye tí kì í ṣìnà. Wọ́n ṣìnà ju bí wọ́n ṣe ń ṣe déédéé lọ, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n kọ́ mi nídìí tẹlifíṣàn yẹn tí kò kúrò lára mi títí dòní, tó sì ti sọ èmi náà di ẹni tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Gbogbo wa ni a máa ń tẹjú mọ́ Oníbéèrè, nítorí ohùn rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ sì dára. Màmá yóò gbá mi léjìká. "Àjọkẹ́, má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó ni kó o máa wò."

Àkókò yìí ni Bọ̀ọ̀dá Gàníyù wọlé tọ̀ wá. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, onímọ̀ ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ wọn ló gbé wọn láti Èkó wá sí Warri. Wọ́n wá ra abọ́ lọ́jà Ìgbudu, wọ́n bá Àǹtí Kúdí nídìí ọjà, láti ọjọ́ náà abọ́ ilé wọn kò tó mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Màmá rán àwọn ẹbí lọ sí Abẹ́òkúta láti ṣe ìwádìí bí a ti ń ṣe é nílé wa: ṣé wèrè kò sí ní ìdílé wọn, ṣé olè kò sí, ṣé wọn kì í lu ìyàwó. Àwọn tó lọ padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní ilé náà mọ́ tónítóní, pé kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ wọn láìdáa.

Inú gbogbo wa dùn, àfi ti Màmá. "Ilé wo ni kò ní ìdọ̀tí?" wọ́n ní. "Wọ́n ti gbá a kí ẹ tó dé."

Bí ẹni pé èyí kò tó, Bọ̀ọ̀dá Gàníyù tún lọ yọjú nínú ìdíje Ọjọ́bọ̀. Wọ́n borí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n borí lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sì ń borí lọ. Ìgbudu gbà wọ́n bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Àwọn ará ọgbà a kún ojú fèrèsé Màmá, bí Bọ̀ọ̀dá bá sì dáhùn, ariwo wọn a gba títì kan. Lọ́jọ́ kejì Bọ̀ọ̀dá Gàníyù a wá kí wa, gbogbo ènìyàn a máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, Àǹtí Kúdí a máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò kàn lẹ́sẹ̀. Màmá a jókòó sí kọ̀rọ̀ wọn, wọn a máa wò. Nígbà tí bàbá mi béèrè ohun tí wọ́n ṣì ń dúró dè tí wọn kò fi tíì fọhùn, Màmá fọhùn.

"Mi ò tíì rí i kó fìdí rẹmi," wọ́n ní. "Ẹni tí o kò tíì rí nígbà tí ojú tì í, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo bá rí i, máa sọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà wá le. Ilé iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ti ní kí wọ́n múra láti lọ sí Port Harcourt lẹ́yìn òjò. Àǹtí Kúdí búra pé àwọn kò ní tẹ̀lé ọkùnrin kankan láìgba àdúrà ìyá àwọn, bẹ́ẹ̀ ni Màmá kò ní ṣàdúrà fún ẹni tó ń borí. Àǹtí mi, tí gbogbo ìlú ń bá yọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wá di ẹni tó ń wọ ilé ìdáná lọ sunkún bí àfẹ́sọ́nà wọn bá ti gba ìbéèrè. Mo rí wọn. Ó dùn mí, mo sì bínú sí Màmá, mo kórìíra ìfura wọn yẹn bí ẹni kórìíra egbòogi.

Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ni. Wọn kò wá sílé wa rí ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú omi òjò lára, Màmá ní kí wọ́n jókòó, Àǹtí Kúdí gbé iyán wá. Kò sí ẹni tó ronú nǹkan kan títí àwòrán fi yọ, tí Oníbéèrè ń rẹ́rìn-ín, tí olùdíje tó ń borí sì jókòó sáyè rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù náà ni.

Mama Efe, tí wọ́n dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú àwọn ará ọgbà lábẹ́ agboòrùn, ló kọ́kọ́ ké. "Jesus! Na two Ganiyu dey?"

Màmá wo tẹlifíṣàn. Wọ́n wo Bọ̀ọ̀dá Gàníyù tí òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún wo tẹlifíṣàn.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé ìbejì ni ọ́?"

"Rárá o, Màmá."

"Ta wá ni yẹn?"

"Èmi náà ni, Màmá. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tó gbé e jáde fún ará ìlú."

Gbogbo ìgbà tí a ti ń wo nǹkan yìí, kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. À ń gbàdúrà, à ń bú Oníbéèrè, à ń bẹ Ọlọ́run lórí ohun tó ti tán nílẹ̀. Mo retí kí Màmá fò sókè, kí wọ́n ní àwọn ti wí i tipẹ́ pé ayédèrú ni. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó ti parí?" Màmá béèrè.

"Ó ti parí, Màmá."

"O sì mọ bó ṣe parí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Màmá dìde. Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, wọ́n sì jókòó kọjú sí Bọ̀ọ̀dá Gàníyù. Lẹ́yìn wọn, ìbéèrè ń lọ, Gàníyù ti inú tẹlifíṣàn ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lójú fèrèsé ń pariwo: "Ganiyu! Warri no dey carry last!" Àǹtí Kúdí dúró, wọ́n di ọwọ́ méjèèjì mú sáyà, ojú wọn kò kúrò lára àwòrán. Gàníyù ti inú pálọ̀ ti ṣan ọwọ́, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí aago ọwọ́ wọn kiri, wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i.

Lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá ni mo jókòó sí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"O fìdí rẹmi," Màmá ní.

Aago náà tún yí. Mo la ẹnu láti ké sí Àǹtí Kúdí, àmọ́ ọwọ́ Màmá ti bò mí lẹ́nu.

"Jẹ́ kí wọ́n pariwo," wọ́n ní.

Ìbéèrè tó lé Bọ̀ọ̀dá Gàníyù lọ kò le rárá. Oníbéèrè ní kí wọ́n dárúkọ odò méjì tó pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ ilé ìwé kékeré mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin inú tẹlifíṣàn wo òkè, ó mumi díẹ̀, agogo sì lù mọ́ ọn lẹ́nu. "Ah! Even my Efe know that one!" ni Mama Efe wí, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ki orí wọlé kí Bọ̀ọ̀dá. Àǹtí Kúdí fi ọwọ́ bojú. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù kò dìde, wọn kò wí àwáwí, wọn kò bú Oníbéèrè. Wọ́n kàn jókòó ti ìtìjú wọn bí ẹni jókòó ti àlejò tó bá wá.

Màmá pa tẹlifíṣàn, wọ́n fi aṣọ bò ó. "Kúdí," wọ́n ní, "bu ẹran kún un fún un."

Bí Màmá ṣe gbà nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi béèrè ohun tí wọ́n rí lójijì, Màmá ní àwọn tó ń fìdí rẹmi máa ń sá pamọ́ ni, pé ẹni tó bá gbé ìtìjú tirẹ̀ wá sílé wa kò ní gbé tiwa jáde.

Èmi ni mo tún wá ń fura. Báwo ni onímọ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe gbàgbé odò Ọya àti odò Bẹ́núè? Àǹtí Kúdí búra pé àwọn kò sọ ohun tí Màmá ń dúró dè fún àfẹ́sọ́nà wọn, àmọ́ Mama Efe mọ̀, Mama Efe kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn sí wọn nínú. Mo dàgbà tán kí n tó gbé e ka iwájú Màmá pé ó lè jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá Gàníyù mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni. Màmá ní ṣé mo rò pé àwọn kò rò ó ni? "Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú nítorí ọmọ mi, ṣé ó kéré? Bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀, ó ṣáà wá jókòó. Èwo ni kí n bá a jà sí?"

Síbẹ̀, wọn kò fi Bọ̀ọ̀dá Gàníyù lọ́rùn sílẹ̀. Bí tọkọtaya náà bá ti Port Harcourt dé, Màmá yóò kọ́kọ́ gbá ojú Àǹtí Kúdí mú, wọn yóò yí i síbi ìmọ́lẹ̀ bí abọ́ ọjà wọn. Ọmọ mẹ́rin ni Àǹtí bí, wọ́n padà wá kọ́lé sí Orhuwhorun lẹ́bàá Warri, Màmá ṣì ń ní, "Mo ṣì ń wò ó."

Ìdí nìyẹn tó fi ya gbogbo wa lẹ́nu, nígbà tí ara Màmá kò le mọ́, pé Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ni wọ́n ní kó gbé àwọn lọ sí ọsibítù ní Benin. Wọn kò mú bàbá mi, wọn kò mú Àǹtí Kúdí. Nígbà tí wọ́n dé, Màmá ní dókítà ní àárẹ̀ àgbà lásán ni, oògùn díẹ̀ ni. Bàbá mi bínú. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ àna ló ń gbé ìyá àwọn káàkiri, kí ni wọ́n ń fi pamọ́. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù bẹ bàbá mi, àmọ́ wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí Màmá wí.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, gbogbo wa pé sí pálọ̀ Ìgbudu. Màmá ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn síbẹ̀ kí àwọn lè máa rí ẹni tó ń wọlé. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ara wọn sì dá díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mama Efe, tí ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ àwọn náà, gbé stáàṣì àti ọbẹ̀ bángà dé. Wọ́n gbé abọ́ náà síwájú Màmá, wọ́n sì dúró kí ìka Màmá tì í padà.

Màmá bu òkèlè, wọ́n jẹ ẹ́.

"Ehn! Mama Ijebu! You don trust me today!" Mama Efe ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá àwọn ti ń jẹun, ìyá àwọn ti gbádùn. Àǹtí Kúdí kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ariwo náà gba gbogbo ọgbà, ó dà bíi ti Ọjọ́bọ̀ àtijọ́.

Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè, mo rántí ẹni tó yẹ kí n máa wò, mo sì wo Bọ̀ọ̀dá Gàníyù. Wọ́n jókòó lórí àga tó wà lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún, wọ́n sì ń yí aago ọwọ́ wọn kiri.

Mo yíjú sí Màmá, mo bá ojú wọn lára mi. Wọ́n ti rí i pé mo ti mọ bó ṣe máa parí. Mo la ẹnu.

"Àjọkẹ́," Màmá ní, ohùn wọn kò ju kí èmi nìkan gbọ́ lọ. "Jẹ́ kí wọ́n pariwo."

Mo pa ẹnu mi dé, mo lọ jókòó ti Bọ̀ọ̀dá Gàníyù.